Ipa Èdè Yorùbá Nínú Kíkọ́ Èdè Faransé Láti Ìbẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì

Ìfáárà

Kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọ ẹ̀ka èdè Faransé ní yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó ti kọ́ èdè náà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. A máa ń rí àwọn tí kò mọ̀ ju bonjour lọ ní ọjọ́ tí wọ́n wọlé. Ní ọdún 1996 ni ìjọba ológun kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì ní orílẹ̀-èdè yìí, ṣùgbọ́n ìkéde kì í kọ́ni ní èdè. A retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń sọ yìí gboyè láàrin ọdún mélòó kan, kí ó sì lọ máa kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá wọ́, àṣìṣe rẹ̀ yóò di ti odindi kíláàsì.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣàlàyé Faransé fún ọmọ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ sì ni èdè abínibí rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ nǹkan tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ọ̀nà yìí kan náà ni a gbà kọ́ èmi pàápàá. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé díẹ̀ nínú àwọn ìró tí olùkọ́ wa ń pè ní ìró tó le ti wà lẹ́nu ìyá mi.

Ìró èdè

Fáwẹ́lì àìránmúpè méje ni ó wà nínú Yorùbá: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Méjèèje ni ó wà nínú Faransé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sípẹ́lì wọn yàtọ̀. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ké àti kẹ́ kò ní ìṣòro pẹ̀lú pré (pápá koríko) àti prêt (ẹni tí ó ti múra tán). Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin kó àti kọ́ yóò gbọ́ ti paume (àtẹ́lẹwọ́) àti pomme (èso ápù). Olùkọ́ tí ó bá fi àwọn lẹ́tà Yorùbá wọ̀nyí hàn lójú pátákó yóò ríi pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti parí láàrin wákàtí kan.

Fáwẹ́lì àránmúpè ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Yorùbá ní wọn, èyí sì jẹ́ àǹfààní, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni pàkúté wà. A mọ̀ pé fóníìmù kan ṣoṣo ni an àti ọn nínú Yorùbá. Lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì tí a fi ètè pè ni a ń kọ ọn, bí i nínú ìbọn àti ẹ̀fọn; níbòmíràn, an ni a ń kọ, bí i nínú ìtàn àti ọkàn. Kò sí ọ̀rọ̀ méjì tí ìyàtọ̀ yìí nìkan yà sọ́tọ̀. Nínú Faransé ẹ̀wẹ̀, ó ń yà wọ́n: banc ni bẹ́ǹṣì, bon ni ohun tí ó dára, temps ni àkókò, ton ni tìrẹ. Etí akẹ́kọ̀ọ́ wa ti mọ́ra láti má ṣe ka ìyàtọ̀ náà sí, nítorí náà kì í ṣe àìfetísílẹ̀ ni ó ń dà á láàmú. Kí a là á yé e pé ẹnu yóò là gbòòrò fún banc, ètè yóò sì ká roboto fún bon.

Pàkúté kejì wà nínú sípẹ́lì. Akẹ́kọ̀ọ́ rí matin, ó sì pe in rẹ̀ bí ti yín. Ó rí lundi, ó pe un rẹ̀ bí ti ìkún. Ẹn inú ìyẹn ni ó sún mọ́ ìró tí ó wà nínú matin.

Ìró u ti Faransé kò sí nínú Yorùbá rárá, kò sì sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò bá lè pè é yóò sọ pé ìwé wà lábẹ́ tábìlì (dessous) nígbà tí ó wà lórí rẹ̀ (dessus). Kí akẹ́kọ̀ọ́ pe i, kí ó di ahọ́n mú síbẹ̀, kí ó wá ká ètè bí ẹni tí ó fẹ́ súfèé. Ní ti v àti z, Gẹ̀ẹ́sì ti ràn wá lọ́wọ́, a kò gbọdọ̀ jiyàn.

Òǹkà

Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń mú kí quatre-vingts (80) dàbí àdììtú. Ogún mẹ́rin ni ìtumọ̀ rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ọgọ́rin gan-an. Ibi tí a ti pínyà ni 70 àti 90: Faransé fi mẹ́wàá kún 60 àti 80, Yorùbá sì yọ mẹ́wàá kúrò nínú 80 àti 100.

Ọ̀wọ̀ àti ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ

Ìyàtọ̀ tu àti vous kò gba àlàyé gígùn lọ́wọ́ ẹni tí ó ní o àti ẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni Faransé ń wò. Ó ń wo bí a ti mọra tó. Ní ilẹ̀ Faransé òde òní, tu ni ọmọ sábà máa ń lò fún ìyá rẹ̀, nígbà tí àgbàlagbà ń lo vous fún ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó bá kọ vous sí màmá rẹ̀ nínú lẹ́tà kò ṣe àṣìṣe gírámà. Ẹ̀kọ́ ilé ni ó ń bá a wí, kí olùkọ́ má sì kàn fi bírò pupa fà á láìṣàlàyé.

Ọ̀wọ̀ yìí kan náà ni ó ń bí “Mon père, ils sont arrivés” láti inú “Bàbá mi, wọ́n ti dé.” Il est arrivé ni Faransé ń fẹ́, ẹni tí ì báà jẹ́. Bákan náà, ó ti Yorùbá kò fi akọ tàbí abo hàn, kò sì yani lẹ́nu bí a bá ka ìyá sí il.

Ní ti akọ àti abo ọ̀rọ̀-orúkọ, Yorùbá kò ràn wá lọ́wọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe kọ livre tàbí table sílẹ̀ láìfi un tàbí une ṣíwájú rẹ̀.

Ohun tí ó kan yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Ní Kétu àti Pọbẹ̀, ní ilẹ̀ Benin, àwọn ọmọ tí ń sọ Yorùbá ń bá Faransé pàdé ní ilé-ìwé láìgba ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Ní ti wa, Abúlé Èdè Faransé ti Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní 1991 ní Àjàrà, Àgbádárìgì, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ láti gbé inú èdè náà. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀ láìtíì gbọ́ ìyàtọ̀ banc àti bon, ara wọn ni wọn yóò máa kọ́ ní àṣìṣe, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ bí i tiwọn ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ní ọdún àkọ́kọ́, kí olùkọ́ máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún pe irú ọ̀rọ̀ méjèèjì láìtò wọ́n. Kí akẹ́kọ̀ọ́ nawọ́ fún banc, kí ó má ṣe nawọ́ fún bon, kí ó má sì kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ kíláàsì bá ń gòkè pọ̀ láìṣì ni olùkọ́ yóò tó kọ ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó.