Ìmọ́tótó Ẹni Tó Fẹ́ Gun Kẹ̀kẹ́ La Bìrìtéènì Já

Láti Land's End ní gúúsù dé John o' Groats ní òkè Scotland lé ní 800 máìlì. Ọ̀pọ̀ ń lo ọjọ́ 10 sí 14. Gúúsù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa tì yín lẹ́yìn. Ẹ má sáré lórí òkè Cornwall àti Devon.

Ẹsẹ̀ kọ́ ló sábà ń dá ènìyàn dúró, bí ẹ bá bi mí, ìdí ni. Òógùn àti ìjókòó kẹ̀kẹ́ á bó awọ, kòkòrò á wọ ibẹ̀, á di eéwo. Ta ló fẹ́ fi eéwo jókòó? Ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tó ní tìmùtìmù nínú ni kí ẹ wọ̀, láìsí pátá lábẹ́ rẹ̀, torí ojú ìrán pátá a máa ha awọ. (Bí ojú bá ń tì yín, ẹ wọ ṣòkòtò fífẹ̀ lé e.) Ẹ mú méjì dání, kí ẹ máa fọ ọ̀kan lálaalẹ́. Bí ẹ bá ti dé ibi tí ẹ ó sùn, ẹ bọ́ ọ kíá, ẹ wẹ̀, ẹ nu ara gbẹ. Bí ojú ibẹ̀ bá wú tí ibà sì tẹ̀lé e, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ tó dé. Ìtọ̀ tó bá pọ́n, tó sì ń rùn, omi ló ń bèèrè.