Ooru tó ń mú yìí, ọwọ́ wa wà níbẹ̀ o: Igi irú àti igi òrí la ń sun di èédú!

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn kọjá, tó ń lọ sí Ṣakí tàbí Ìgbòho, kò ní í pẹ́ rí wọn lẹ́bàá títì. Àpò èédú ni wọ́n tò jọ bẹ́ẹ̀ bí òkè kékeré, wọ́n ki koríko sí i lẹ́nu, wọ́n sì fi okùn há a kó má baà dà nù. Ọkọ̀ akẹ́rù á dé, wọ́n á kó wọn gun orí ẹ̀, ó di Ìbàdàn, ó di Abẹ́òkúta, ó di Èkó. Ká sòótọ́, adúgbò tí wọn ò ti í ta èédú láwọn ìlú wọ̀nyí kò wọ́pọ̀ mọ́. Ẹni tówó ẹ̀ ká a á ra odidi àpò, ẹni tí agbára ẹ̀ ò gbé e á rán ọmọ lọ ra ti inú ọ̀rá kékeré, wọ́n á sì fi se oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà.

Kì í ṣe pé inú àwọn ìyá ń dùn sí èédú náà o. Owó gáàsì ló lé wọn débẹ̀. Sítóòfù oníkẹrosíìnì tí kò sílé tí kò sí tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Kẹrosíìnì náà ti di ọjà olówó ńlá, sítóòfù ti dípẹta sábẹ́ àtẹ̀gùn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá kéde lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí jálá… àní tí lítà epo pẹtiróòlù kan tí kò tó 200 náírà fò lọ sí nǹkan bíi 500 náírà láàrin ọjọ́ díẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ń fi mọ́tò kó ló fò tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ìyá ló gbé sílíńdà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lásìkò yẹn, tí wọ́n padà sídìí àdògán. Ta ló fẹ́ bá wọn wí? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ńlá wà nínú èédú yìí, ibi tí igi ẹ̀ ti wá ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo igi ni wọ́n fi ń ṣe èédú tó dáa. Igi tó bá fúyẹ́, iná ẹ̀ kì í pẹ́ kú. Igi líle làwọn tó ń ṣe é ní Òkè-Ògùn ń wá kiri: ayìn, apá, ẹ̀mí, bẹ́ẹ̀ ni igi igbá náà kì í fi bẹ́ẹ̀ mórí bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀mí tí à ń wí yìí ni òrí ti ń jáde, òrí tí wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára. Igi igbá ló ń so èso tí wọ́n ń ṣe ní irú. Ẹ wá wo nǹkan. Ìyá kan jókòó sídìí àdògán n'Ìbàdàn, ó ń se ọbẹ̀, ó ń ṣàròyé fún ará ilé ẹ̀ pé irú ti wọ́n jù lọ́jà. Kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ igi tí ì bá so irú ọ̀hún gan-an ló ń jó lábẹ́ ìkòkò òun.

Ẹ̀mí kì í sì í ṣe igi ọdún méjì. Èyí tó bá dá hù nínú pápá, àfi kó tó bíi ọdún 15 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa, òmíràn tún ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ìgégi tí wọ́n ń lò báyìí kì í fi ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú gbé irú ẹ̀ lulẹ̀.

Bí wọ́n bá gé igi náà tán, wọ́n á tò ó jọ, wọ́n á fi koríko àti ewé bò ó, wọ́n á wá fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni ṣe ebè ńlá. Wọ́n á fi iná sí i láti ibi ihò kan. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni yóò fi máa jó lábẹ́lẹ̀, tí èéfín á máa rú túú. Nítorí pé atẹ́gùn tó ń wọ ibẹ̀ kò pọ̀ ni kì í fi í di eérú. Ṣùgbọ́n òfò tó wà nídìí ẹ̀ kò kéré rárá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa níbí, igi tó tó kílò 5 sí 10 ló ń di èédú kílò kan péré. Ìyókù ti bá èéfín lọ kí àpò èédú tó rí ọ̀nà Èkó.

Ibo ni èéfín náà wá ń lọ? Ibi tí ọ̀rọ̀ ooru ti wọ̀ ọ́ nìyí. Èyí tí ojú rí nínú ẹ̀ á tú ká, ṣùgbọ́n gáàsì kan wà níbẹ̀ tí ojú ò rí, òun ni wọ́n ń pè ní carbon dioxide. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ń wà lójú sánmà fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kúbùsù ló ṣe rí. Ẹni tó da kúbùsù bora lóru, ooru ara ẹ̀ kì í ráyè jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni kiní yìí ṣe bo ayé, tí ooru oòrùn tó bá ti wọlé kì í fi í rọ́nà padà bó ṣe yẹ. Ó lé ní 200 ọdún táwọn òyìnbó ti ń sun èédú inú ilẹ̀ nílé iṣẹ́ wọn, epo rọ̀bì náà wá kún un, kúbùsù ọ̀hún sì ń nípọn sí i lọ́dọọdún. Igi ló ń bá wa fà á mì. Ìgbà téèyàn bá wá gé igi, tó tún sun ún, gbogbo ohun tí igi ti gbé mì láti ọdún yìí wá ló pọ̀ padà sójú sánmà. Òfò méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn, nítorí ẹni tí ì bá máa gbé e mì lọ náà ti kú.

Àjọ tó ń mójú tó ojú ọjọ́ lágbàáyé, ìyẹn WMO, ti sọ ọ́ pé ọdún 2024 ló gbóná jù lọ láti ìgbà táwọn èèyàn ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ó fi bíi ìwọ̀n 1.55 gbóná ju bí ayé ṣe rí kí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde. Àwọn kan á ní kí ni 1.55 já mọ́. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ abiyamọ. Ọmọ tí ara ẹ̀ wà ní 37, tó wá di 38.5, ṣé ìyá ẹ̀ á sùn?

Atẹ́gùn tó bá gbóná máa ń gbé omi púpọ̀ dání, ìyẹn ni òjò fi ń rọ̀ lọ́nà tí kò bójú mu nígbà tó bá fẹ́ rọ̀. Lọ́dún 2022, àwọn tí omíyalé pa ní Nàìjíríà lé ní 600, àwọn tó lé kúrò nílé wọn sì ju mílíọ̀nù kan lọ. Àwọn ará Ìbàdàn ò tíì gbàgbé òjò ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, tó pa èèyàn tó lé ní 100. Àwọn àgbà ibẹ̀ á ní ti Ògùnpa lọ́jọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980 ńkọ́, ṣé ooru ló fa ìyẹn náà? Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Kíkọ́lé sójú odò àti dída ìdọ̀tí sínú ẹ̀ wà lára ohun tó ba Ògùnpa jẹ́, a ò sì tíì jáwọ́ nínú ẹ̀. Ooru ayé wá ń bu omi lé omi tí a ti fọwọ́ ara wa dí lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ ká sọ láìfi bọpo bọyọ̀. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀, nǹkan bíi ìdá 4 péré nínú ìdá 100 ni tiwa nínú èéfín burúkú tó ń jáde láyé lọ́dọọdún. Àwọn bíi Ṣáínà àti Amẹ́ríkà ló ń kó èyí tó pọ̀. Nílẹ̀ wa níbí gan-an, ọ̀gá tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ńlá gbé ẹ̀rọ amúlétutù márùn-ún láti àárọ̀ dalẹ́, tó tún wọkọ̀ òfuurufú lọ jẹ ìnáwó ní Lọ́ńdọ̀n, èéfín tiẹ̀ ju ti àdògán odidi ojúlé lọ. Ó sì jọ pé irú wọn ló fẹ́ràn àtimáa wàásù fún tálákà nípa igi gígé! Bí ìyá oníẹ̀wà bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ pa jẹnẹrétọ̀ tiwọn, kò jẹ̀bi.

Bí kò tiẹ̀ jẹ̀bi, àyà ìyá oníẹ̀wà yẹn ni èéfín kọ́kọ́ ń wọ̀ kó tó dé ojú sánmà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní èéfín inú ilé ìdáná ló fa ikú èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé lọ́dún 2020, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn sì lé ní 237,000. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń fẹ́ná ńkọ́? Òun náà ń fà á símú. Nítorí náà, ẹni tó bá dín iná kù nínú ilé ìdáná ẹ̀, kì í ṣe òyìnbó ló ń ṣe lóore.

Dídín in kù ọ̀hún kò la owó ńlá lọ. Ìkòkò tí wọn ò dé lórí ń jẹ iná ju èyí tí wọ́n dé lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ wọ inú ilé ìdáná wa, ọmọrí ìkòkò wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fi ń bo gaàrí. Ẹ̀wà tí wọ́n bá rẹ sómi mọ́jú, kíá ló ń jinná, àwọn tó ń ta á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí oúnjẹ bá sì jinná tán, èédú tó kù kò yẹ kó jó dànù. Kí wọ́n fi ẹ̀mú kó o sínú ìkòkò irin tó ní ọmọrí, kí wọ́n dé e pinpin, á kú fúnra ẹ̀, ó di ọjọ́ kejì. Àdògán alámọ̀ tó nípọn, tó ní ihò kékeré nísàlẹ̀, ń mú ooru dúró ju agolo irin tí afẹ́fẹ́ ń gbà inú ẹ̀ kọjá lọ. Ẹni tó bá sì ní sílíńdà kékeré, kò pọn dandan kó fi gbogbo nǹkan lé gáàsì lórí. Kó fi gáàsì se ohun tí kò pẹ́, bíi ẹyin, omi tíì àti ìrẹsì, kó fi èédú sílẹ̀ fún ẹ̀wà àti ṣàkì. Òótọ́ ni pé inú ilẹ̀ ni gáàsì náà ti wá, òun náà sì ní èéfín tiẹ̀, ṣùgbọ́n kò gé igi ẹnikẹ́ni.

Kan-ń-pá ni ti èyí o: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé èédú tó ń jó wọ yàrá tí wọ́n tìlẹ̀kùn ẹ̀ pa, ìbáà jẹ́ nítorí òtútù. Gáàsì kan wà nínú ẹ̀ tí kò rùn, tí kò ṣeé rí, ó máa ń pa odidi ìdílé mọ́jú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour” náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó fẹ́ ju aládùúgbò lọ náà ló kọ́kọ́ ń kú.

Kí àwọn bàbá má rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan lèyí. Ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí bọ́ọ̀lù? Ta ló fi gílóòbù pupa oní-wáàtì 60 síta tó ń jó títí ilẹ̀ fi mọ́, nígbà tí LED oní-wáàtì 9 ń tànmọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ní ti ike àti ọ̀rá, ìjọba Èkó ti fòfin de ike oúnjẹ funfun tó fúyẹ́ láti oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dojú kọ àwọn ike àti ọ̀rá ìlò-ẹ̀ẹ̀kan yòókù ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù keje, ọdún 2025. Epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n, gọ́tà ni wọ́n sì ń dí. Àwọn ìyá wa àtijọ́ kò nílò òfin yìí. Abọ́ ni wọ́n ń gbé lọ ra ẹ̀wà, ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ewé sì ń jẹrà.

Àwọn baba wa náà kì í kàn gbé àáké ti ìrókò. Wọ́n ní ẹni tó ń gbé inú ẹ̀. Ẹ gbà á gbọ́, ẹ má gbà á gbọ́, ìbẹ̀rù yẹn dá igi sí. Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo ṣì dúró lónìí, nǹkan bíi héktà 75 lẹ́bàá ìlú, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ ogún gbogbo ayé lọ́dún 2005. Obìnrin òyìnbó kan, Susanne Wenger tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn tó fẹ́ gé e jà títí tó fi kú lọ́dún 2009. Ní Kẹ́ńyà, Wangari Maathai bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn obìnrin abúlé jọ láti gbin igi lọ́dún 1977. Àìrí igi dáná ló lé ọ̀pọ̀ nínú wọn débẹ̀. Igi tí wọ́n gbìn lé ní ọgbọ̀n mílíọ̀nù, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà lọ́dún 2004.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn kò tiẹ̀ nílò àtira irúgbìn kankan kó tó bẹ̀rẹ̀. Kùkùté ẹ̀mí tí wọ́n gé máa ń rúwé padà. Kó yan ọ̀kan tàbí méjì tó dúró ṣánṣán nínú ọmọ tó yọ, kó gé ìyókù, kó má sì jẹ́ kí iná ìgbẹ́ kàn án nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó bá ń ṣán oko, kó yẹ ẹ̀mí àti igbá kéékèèké tó ń hù sílẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbìn ín láti orí kóró, kó má kó o sínú àpò kó ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìgbà òjò ni èso ẹ̀mí máa ń bọ́, kóró ẹ̀ kì í sì í pẹ́ kú. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó bá ti bọ́ ni kó ti wà nínú ilẹ̀.