Bí ìrora ṣe lè dín kù nígbà tí wọ́n bá ń gba ẹyin lára obìnrin

Ìrora ni ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń gba ìtọ́jú IVF ń bẹ̀rù lọ́jọ́ tí dókítà yóò gba ẹyin lára wọn. Abẹ́rẹ́ gígùn ni wọ́n ń tì gba ojú ara wọ ilé ẹyin. Ìwádìí fi hàn pé lílo oògùn amúnisùn pẹ̀lú èyí tó ń mú ojú ibẹ̀ kú máa ń dín ìrora kù ju lílo ọ̀kan ṣoṣo lọ. Kí obìnrin tètè béèrè èyí tí wọn yóò lò. Bó bá sì ti jẹun, kó má fi pamọ́: èébì lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí oògùn mú sùn. Paracetamol sábà máa ń kápá inú rírun tó bá tẹ̀ lé e. Àmọ́ bí ikùn bá ń wú, tàbí tí mímí di ìṣòro, ilé ìwòsàn ni kó padà sí kíákíá.