Ìmọ̀ Tí A Kò Lè Ṣàlàyé: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Tí Ń Wá Okòwò

Àwọn baba wa ní ẹni tí ó bá fi sùúrù tú èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gan-an ni òwe yìí ń júwe. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òwe náà kò sọ: lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti rí ìfun èèrà tán, báwo ni yóò ṣe fi í han ẹni tí kò tú èèrà rí, ṣùgbọ́n tí owó tí a ó fi tẹ̀ síwájú wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun, mo jókòó ní ìpàdé kan níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Nàìjíríà bí èmi, ti gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn olùdókòwò. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún un. Gbogbo rẹ̀ ni ó fi ṣàlàyé ọ̀nà tí ó gbà ṣe ìwádìí náà. Nígbà tí ó parí, àgbàlagbà kan bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ọ̀gbẹ́ni, ta ni yóò ra nǹkan yìí, kí sì ni yóò fi ṣe?" Ọ̀rẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ó mọ ìdáhùn náà. Kò kàn rò ó rí pé òun ni ó yẹ kí ó ṣáájú ni. Ọwọ́ òfo ni ó bá jáde.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwọn tí ọ̀rọ̀ tiwọn yọrí sí rere. Ní ọdún 1973, Herbert Boyer àti Stanley Cohen ní California fi hàn pé ènìyàn lè gé ẹyọ àbùdá kan, kí ó sì fi í sínú kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí. Ní ọdún 1976, Robert Swanson, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti owó, tí kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tọ Boyer lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Boyer yọ̀ǹda fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn gba wákàtí mẹ́ta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ Genentech sílẹ̀.

Kí ni wọ́n sọ fún àwọn olówó? Wọn kò sọ pé, "Ẹ wá wo ọgbọ́n wa." Ohun tí wọ́n ń wí ni pé: ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àrùn àtọ̀gbẹ ń bá jà, ara màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni a ti ń yọ insulin tí wọ́n ń lò, àwa yóò mú kí kòkòrò tín-tìn-tín ṣe insulin ènìyàn gan-an. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìbátan tí àtọ̀gbẹ ń ṣe yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yékéyéké.

Síbẹ̀, Tom Perkins tí wọ́n tọ̀ lọ rí i pé ewu náà pọ̀. Ohun tí wọ́n fi yanjú rẹ̀ ni pé wọn kò kọ́kọ́ kọ́ yàrá ìwádìí tiwọn. Àwọn tí ó ti ní ilé àti irin-iṣẹ́ ni wọ́n san owó iṣẹ́ fún. Nítorí náà, 100,000 dọ́là péré ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Perkins. Ní 1977, wọ́n fi nǹkan kékeré kan tí ara ń ṣe, tí a ń pè ní somatostatin, dán ọ̀nà náà wò. Ó ṣeé ṣe. Ní 1978, wọ́n ṣe insulin. Ní 1982, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí a máa tà á.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún àwọn onímọ̀ wa kò ṣòro. Àkọ́kọ́, ìṣòro àwọn ènìyàn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, má ṣe fi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Èkejì, sọ ohun tí wọ́n ń lò lónìí, àti ibi tí tìrẹ fi sàn jù ú lọ. Ẹ̀kẹta, ya ohun tí o ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí o ṣì ń retí. Ẹ̀kẹrin, gé ọ̀nà náà sí ìpele-ìpele: èyí ni ìbéèrè tí a ó kọ́kọ́ dáhùn, iye owó tí yóò ná wa nìyí, ìgbà tí yóò gbà nìyí, ohun tí a ó sì ṣe bí kò bá bọ́ sí i nìyí. Ẹ̀karùn-ún, sọ ẹni tí yóò sanwó, àti bí owó olówó yóò ṣe padà sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èrè.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ dídùn ni mo ń kọ́ni. Elizabeth Holmes, ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ Theranos sílẹ̀ ní 2003, mọ ọ̀rọ̀ sọ púpọ̀. Ó ní ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka yóò tó fún àyẹ̀wò púpọ̀. Àwọn olówó kó ohun tí ó ju 700 mílíọ̀nù dọ́là lọ fún un. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè ṣe ohun tí ó sọ. Ní 2022, ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi jìbìtì, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlá ó lé. Àlàyé tí ó yé ni tí kì í sì í ṣe òótọ́, ìkẹkùn ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé pẹ̀lú. Láti inú àgbo ìbílẹ̀ tí ọmọ Yorùbá kan, Ẹni-ọ̀wọ̀ Ogunyale, mú wá, ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba wa ní Àbújá, NIPRD, ṣe oògùn kan tí wọ́n pè ní Niprisan fún àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, èyí tí ń mú kí egungun máa ro àwọn ọmọ wa. Ata ìyèré, kànnáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe é. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára aláìsàn 82, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2001, fi hàn pé ó ń dín ìrora kù. Ilé-iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà ni ó gba àṣẹ láti ṣe é fún títà, ó sì jáde ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ní 2008, gbèsè bo Xechem mọ́lẹ̀. Èmi kò sọ pé àìlèsọ̀rọ̀ ni ó fa èyí. Ohun tí mo ń wí ni pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá ní òye ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa tó láti náwó lé e lórí, ọjọ́ tí àpò ẹni náà bá ya ni tiwa náà ya.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni àtúnṣe wà. Bí ọmọ bá ti parí ìdánwò sáyẹ́ǹsì rẹ̀ nínú kíláàsì, ẹ ní kí ó ròyìn rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ó sì mú ìbéèrè tí ìyá bi í padà wá ní ọjọ́ kejì. Ọmọ tí ó bá lè mú kí òye yé ìyá alátà, olówó kò ní dẹ́rù bà á.

Òótọ́ ni pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ṣùgbọ́n níwájú ẹni tí ó fẹ́ fi owó rẹ̀ lé wa lọ́wọ́, odidi ọ̀rọ̀ ni kí a sọ, kí ó sì jẹ́ òótọ́.