Ìgò Òfìfo Kò Tí Ì Parí Iṣẹ́ Rẹ̀

Ta ni nínú wa tí ó ti gba Òrè kọjá láti Èkó lọ sí Benin, tí kò tí ì fi ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan pa òùngbẹ ní ibùdókọ̀? Bí a bá mu ún tán, a ó dá ìgò padà fún olùtajà, a ó sì máa bá ọ̀nà wa lọ. A kì í bèèrè ibi tí ìgò náà ń lọ.

Ilé iṣẹ́ ni ó ń padà sí. Ní ọdún 1953 ni Nigerian Bottling Company bẹ̀rẹ̀ sí rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Èkó. Ẹni tí ó bá wọ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ ìfọ̀gò. Omi gbígbóná tí a pò mọ́ sódà, irú èyí tí a fi ń ṣe ọṣẹ, ni ó ń fọ̀ wọ́n. Omi mímọ́ a sì ṣàn wọ́n. Lẹ́yìn náà a ó yẹ̀ wọ́n wò níwájú iná, a ó sì yọ èyí tí ó sán tàbí tí ó dọ̀tí.

Nígbà náà ni a ó rọ ohun mímu sí i. Afẹ́fẹ́ tí a fi sínú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ó wà nínú èémí tí a ń mí síta. A ní láti mú omi náà tutù, nítorí omi tútù a máa gba afẹ́fẹ́ yìí mọ́ra ju omi gbígbóná lọ. Lójú kan náà ni a ó fi ìdérí irin eléyín 21 dé e. William Painter, ará Amẹ́ríkà, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú ìdérí yìí ní ọdún 1892. Afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ inú ìgò ni ó ń hó yéè nígbà tí a bá ṣí i.

Ṣùgbọ́n ìgò tí a ti rọ kẹrosíìnì sí kò yẹ fún iṣẹ́ yìí mọ́, nítorí òórùn epo kì í tètè kúrò. Ní ilé, ewu rẹ̀ tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ mọ ìgò. Kò mọ epo. Bí ó bá mu ún, kí a má ṣe mú un bì, nítorí èébì lè gbé epo náà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá di olùkọ́ ní Òrè, ní Odìgbó, tàbí níbikíbi, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ilé àti ọmọ pé: ìgò ohun mímu, ohun mímu nìkan ni kí ó máa gbé.