Ẹ Jẹ́ Kí Orin Mọ Ìwọ̀n Ẹsẹ̀ Yín

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí n kì í sọ fún àwọn tí ó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní dìsípẹ́ńsárì wa ní Ayétòrò-Èkìtì pé kí wọ́n máa rìn dáadáa. Àwọn kan a dáhùn pé, "Nọ́ọ̀sì, ìrìn náà máa ń sú mi." Àwọn mìíràn a ní orin inú fóònù ni àwọn fi ń rìn. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n pé irú orin wo ni, wọn a ní, "Èyíkéyìí tí fóònù bá ti gbé jáde." Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lé.

Ara ènìyàn fẹ́ràn láti bá ìlù rìn. Bí ìlù bá yá, ẹsẹ̀ a yá. Bí ó bá falẹ̀, ẹsẹ̀ a falẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Costas Karageorghis ti Brunel University ní Lọ́ńdọ̀nù, fi hàn pé orin a máa mú kí iṣẹ́ ara fúyẹ́ lójú ẹni tí ń ṣe é. Oògùn ni èyí, ewu sì ni pẹ̀lú. Orin tí ó mú yín gbàgbé àárẹ̀ lè mú yín gbàgbé ìkìlọ̀ ara. Bí orin tí ó yára bá kọ́kọ́ jáde, ẹni ọdún 55 tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí ọkàn rẹ̀ tó múra. Nítorí náà, ó yẹ kí a to orin wa bí a ti ń to oògùn: ti òwúrọ̀ lọ́tọ̀, ti alẹ́ lọ́tọ̀.

Báwo ni a ṣe ń ka ìlù? Ẹ fi orin sí i, kí ẹ máa gbé ẹsẹ̀ lójú kan bí ẹni tí ń rìn. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ òsì àti ọ̀tún kan ilẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4. Bí ẹ bá ka 25, ìlù náà jẹ́ 100 nínú ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ṣe tẹ̀lé ìyáàlù o! Ọ̀rọ̀ ni ìyáàlù ń sọ, kì í dúró lójú kan. Ibi tí ẹsẹ̀ oníjó ń bọ́ sí ni kí ẹ kà. Àwọn áàpù kan wà tí ń ka ìlù fúnra wọn, ṣùgbọ́n wọ́n lè pe orin kan ní 60 nígbà tí ẹsẹ̀ ń ka 120. Bí ti ẹ̀rọ àti ti ẹsẹ̀ bá takora, ẹsẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe fódà mẹ́ta sínú fóònù, kí nọ́ńbà ṣáájú orúkọ wọn kí wọ́n má baà dàrú.

"1 Pẹ̀lẹ́" ni ti orin tí ìlù rẹ̀ kò tó 100. Ẹ wá a nínú àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, tí ó máa ń rọra rìn.

"2 Kánmọ́kánmọ́" ni ti 100 sí 120. Àwọn onímọ̀ gbà pé bí àgbàlagbà bá ń gbé ẹsẹ̀ tó bí 100 nínú ìṣẹ́jú kan, ìrìn rẹ̀ ti di eré ìdárayá gidi. Ẹ wá a nínú jùjú Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé.

"3 Eré" ni ti èyí tí ó ju 120 lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí eré sì ti mọ́ lára, ni ó ni ín. Ẹ wò ó nínú fújì Síkírù Àyìndé Barrister.

Ẹ má ṣe fi orúkọ olórin nìkan pín in o, nítorí olórin kan lè wà nínú fódà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láyé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá, àwọn onijùjú a máa so orin pọ̀ mọ́ra títí ojú àwo kan yóò fi parí, ìlù a sì máa yí padà lójú ọ̀nà. Ẹ ka irú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, láàárín àti níparí, kí ẹ sì fi í sí fódà tí ibi tí ó yá jù lọ bá mu. Bí orin inú mẹ́mọ́rì káàdì yín bá ń jẹ́ "Track 01", ẹ fi iye ìlù ṣáájú orúkọ rẹ̀: 096, 104, 118. Àwọn ọmọ ilé yóò bá yín ṣe é.

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá níwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ẹ lo ìṣẹ́jú 5 nínú fódà kìíní, 30 nínú èkejì, kí ẹ tún padà sí èkínní fún ìṣẹ́jú 5. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, ìrìn kánmọ́kánmọ́ yín pé 150. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi 10 ṣáájú dípò 30. Ẹ má ṣe fo ìṣẹ́jú 5 ìkẹyìn. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ní ẹsẹ̀ ẹni tí ń yára. Bí ó bá dúró lójijì, òòyì lè kọ́ ọ.

Ilẹ̀ Èkìtì jẹ́ ilẹ̀ olókè. Ìlù 110 ní títì tí ó tẹ́jú kò rí bákan náà ní ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Bí ẹ bá ń gun òkè, ẹ padà sí fódà kìíní. Ẹ̀rí tí ó dájú nìyí: bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè bá olórin kọ ọ́, ìwọ̀n náà pé. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀, orin náà yára jù fún yín, iye yòówù tí ẹ kà. Ẹni tí ń lo atenolol tàbí propranolol ní pàtàkì, ẹ̀rí yìí ni kí ó lò, nítorí oògùn wọ̀nyí a máa dá ọkàn dúró kí ó má lè yára bí ó ti yẹ.

Bí ẹ̀jẹ̀ yín bá tó 180/110, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Bí àyà bá ń dùn yín lójú ọ̀nà, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, ẹ pa orin, ẹ jókòó, kí a sì gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Ẹ sì fi etí kan sílẹ̀ fún ọ̀kadà.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.