Cycle to Work: Ẹ Ṣírò Ìparí Kí Ẹ Tó Gun Kẹ̀kẹ́

Lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ oníná, ìbéèrè tó wọlé jù lọ láti Ìlú Ọba kì í ṣe ti bátìrì rárá. Owó ni wọ́n ń bèèrè: "Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè gba kẹ̀kẹ́ níbi iṣẹ́, kí owó orí rẹ̀ sì dín kù?" Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe gba tèmi, òun ni mo ṣì ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìwé ìpolówó kì í sọ síta dáadáa: iye tẹ́ ẹ máa jèrè wà lọ́wọ́ bí àdéhùn náà bá ṣe parí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń kọ́ èdè. Tẹ́ ẹ bá sọ pé "kẹ̀kẹ́" ní Èkó lónìí, ọ̀pọ̀ máa rò pé kẹ̀kẹ́ Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ ní lọ́kàn. Èyí tí à ń fẹsẹ̀ yí ni àwọn àgbà ń pè ní kẹ̀kẹ́ ológeere. Òun là ń sọ.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ọdún 1999 ni ìjọba Ìlú Ọba fi ètò yìí sínú òfin owó orí, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè máa gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ra kẹ̀kẹ́ náà. Iléeṣẹ́ yín ló máa rà á, tàbí iléeṣẹ́ míì tó ń bá wọn bójú tó ètò náà. Ẹ̀yin á wá háyà á lọ́wọ́ wọn fún oṣù 12 tàbí 18. Wọ́n á máa yọ owó háyà náà lára owó oṣù yín díẹ̀díẹ̀, kò sì sí èlé lórí rẹ̀. Ẹ lè fi akoto, iná àti àgádágodo kún un. Ohun tí òfin ń fẹ́ ni pé kó ju ìdajì ìgbà tẹ́ ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ náà lọ tó máa jẹ́ ìrìn àjò iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ máa kọ máìlì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Àṣírí rẹ̀ wà nínú ìgbà tí wọ́n ń yọ owó náà. Ẹ rántí àwọn òṣómàáló, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Owó tó ti wọ àpò onígbèsè ni òṣómàáló ń gbà. Cycle to Work ò ní jẹ́ kó dé àpò yín rárá. Wọ́n á yọ ọ́ kí ìjọba tó gba tirẹ̀. Orúkọ tí ẹ máa rí lórí ìwé owó oṣù ni "salary sacrifice". Lédè tiwa, ẹ ti gbà kí owó oṣù yín dín kù, kí wọ́n fún yín ní kẹ̀kẹ́ dípò rẹ̀. Owó tí kò sí lórí ìwé mọ́, ìjọba ò lè bu owó orí lára rẹ̀.

Mélòó ni ìyẹn? Ní England, Wales àti Northern Ireland, ẹni tí owó rẹ̀ lọ́dún wà láàárín £12,570 àti £50,270 ń san owó orí 20% àti National Insurance 8% lórí apá yẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £28 nínú £100 kọ̀ọ̀kan. Lórí owó tó bá kọjá £50,270, ó di 40% àti 2%, ìyẹn £42 nínú £100. Scotland ní ìwọ̀n owó orí tirẹ̀, nítorí náà kí ẹ̀yin ará Glasgow àti Edinburgh fi tiyín ṣírò.

Ẹ jẹ́ ká mú kẹ̀kẹ́ £1,000, ká háyà á fún oṣù 12. Lóṣooṣù, £83.33 máa kúrò nínú owó oṣù yín lórí ìwé. Ṣùgbọ́n £60 péré lẹ máa rí i pé ó dín nínú owó tó wọ àpò yín, torí ìjọba ì bá ti gba ìyókù tẹ́lẹ̀. Lọ́dún kan, £720 nìyẹn. Ó wá dà bíi pé ẹ ti jèrè £280. Ẹ má tíì jó o.

Ìparí ni ọ̀rọ̀ wà

Lẹ́yìn oṣù 12 yẹn, kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe tiyín. Háyà ni háyà ń jẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó di tiyín, ẹ gbọ́dọ̀ san iye tó tó lásìkò yẹn. HMRC, àwọn agbowó orí Ìlú Ọba, ti gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ fún un. Fún kẹ̀kẹ́ tó jẹ́ £500 sókè:

- lẹ́yìn ọdún 1: 25% iye tí wọ́n rà á
- lẹ́yìn ọdún 2: 17%
- lẹ́yìn ọdún 3: 12%
- lẹ́yìn ọdún 4: 7%
- lẹ́yìn ọdún 5: 2%

Fún kẹ̀kẹ́ tí kò tó £500, ó jẹ́ 18% lẹ́yìn ọdún kan, ó sì máa wálẹ̀ sí 3% tó bá pé ọdún mẹ́rin.

Ó yá, ẹ bá mi ṣírò. Tẹ́ ẹ bá ra kẹ̀kẹ́ £1,000 yẹn ní kété tí ọdún kan pé, ẹ máa san £250 lé £720. Ó di £970. Gbogbo èrè yín kò ju £30 lọ! Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò ló ń gbà kẹ́ ẹ fa háyà náà gùn títí tí kẹ̀kẹ́ á fi pé ọdún mẹ́rin. Ẹ máa san £70 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí owó oṣooṣù mọ́, ẹ ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ yín lọ, tí ọdún mẹ́rin bá sì pé, ó di tiyín láìsan kọ́bọ̀ sí i. £720 àti £70 jẹ́ £790. Èrè yín di £210.

Kẹ̀kẹ́ kan náà, owó oṣù kan náà, ṣọ́ọ̀bù kan náà. £180 tó wà láàárín méjèèjì, ìbuwọ́lùwé kan ló fà á. Fún ẹni tó ń san 42%, ó jẹ́ £830 sí £650.

Nígbà tí háyà tèmi parí, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi síwájú mi: kí n dá kẹ̀kẹ́ padà, kí n rà á lójú ẹsẹ̀, tàbí kí n fa háyà gùn. Ọ̀nà kẹta ni mo mú. Mo ti bi wọ́n léèrè nípa rẹ̀ kí n tó buwọ́ lu ìwé àkọ́kọ́, torí kì í ṣe gbogbo ètò ló ní in.

Ta ni ilẹ̀kùn tì mọ́ síta?

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Òfin kò gbà kí owó kẹ̀kẹ́ fa owó oṣù ẹnikẹ́ni sísàlẹ̀ owó tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba gbé e dé £12.21 fún wákàtí kan fún ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ló ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí owó wọn ò sì jìnnà sí iye yẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àǹtí kan ń gba £12.60 fún wákàtí kan lọ́dún 2025 yẹn, tó sì ń ṣe wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀. Lóṣù kan, àyè tó wà láàárín owó rẹ̀ àti ti òfin jẹ́ nǹkan bíi £63. Kẹ̀kẹ́ £1,000 fún oṣù 12 ń fẹ́ £83.33, kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n fún oṣù 18, ó di £55.56, ó wọlé! Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ fún yín pé "kò ṣeé ṣe", ẹ bi wọ́n bóyá oṣù 18 wà, tàbí kẹ́ ẹ mú kẹ̀kẹ́ tí owó rẹ̀ kéré sí i. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé salary sacrifice ni owó ìfẹ̀yìntì yín náà, ó ti jẹ lára àyè yẹn.

Àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri lórí kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ lálẹ́ ńkọ́? Tí wọ́n bá jẹ́ ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, wọn kò sí nínú ètò yìí. Wọ́n lè kọ owó kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ mọ́ ìnáwó òwò wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀.

Kí ẹ tó buwọ́ lùwé

*Ṣé ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìpẹ́?* Owó háyà tó bá kù máa jáde lára owó tí wọ́n ti yọ owó orí kúrò lórí rẹ̀. Èrè apá yẹn ti lọ.

*Ṣé ẹ ń retí ọmọ?* 90% ohun tẹ́ ẹ ń gbà lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìsinmi ìbímọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Tí owó kẹ̀kẹ́ bá ti dín owó oṣù yín kù, ìyẹn náà á dín kù.

*Ṣé iléeṣẹ́ ló gbé físà yín dání?* Ẹ bi wọ́n, kẹ́ ẹ sì bi agbẹjọ́rò yín, kí owó oṣù yín tó yí padà lórí ìwé.

*Tí wọ́n bá jí kẹ̀kẹ́ gbé ńkọ́?* Ẹ ṣì máa san owó háyà náà tán. Ẹ ra àgádágodo tó lágbára, kẹ́ ẹ sì wá ìbánigbófò.

*Ṣé ṣọ́ọ̀bù ń dín owó?* Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan kì í gba Cycle to Work lórí ọjà tí wọ́n ti dín owó rẹ̀ kù. Tí ẹ̀dínwó náà bá jẹ́ 30%, tẹ́ ẹ sì lówó lọ́wọ́, ó sàn ju £210 wa yẹn lọ.

*Kẹ̀kẹ́ oníná?* Ó wọ inú ètò náà, tí mọ́tò rẹ̀ kò bá ju wáàtì 250 lọ, tó sì dẹ́kun ìrànlọ́wọ́ ní máìlì 15.5 ní wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ wọn ju £1,000 lọ, ṣùgbọ́n láti ọdún 2019 ni ìjọba ti là á mọ́lẹ̀ pé iye yẹn kì í ṣe òpin mọ́. Iléeṣẹ́ yín ló máa sọ ibi tí tirẹ̀ dé.

Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí HR yín lọ́sẹ̀ yìí: Oṣù mélòó lẹ fi ń háyà? Ṣé èèyàn lè fa á gùn dé ọdún mẹ́rin? Èló ni màá san níparí? Tí wọ́n bá dáhùn, ẹ mú ìwé owó oṣù yín àti bírò, kẹ́ ẹ ṣe ìṣirò tiyín bí a ṣe ṣe é lókè. Ẹ máa rí èrè yín kedere kẹ́ ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀bù.